Aago inú ara: ìdí tí Àǹtí wa fi ń gbálẹ̀ ní aago 2 òru

Ọ̀rọ̀ òní ti pẹ́ lọ́kàn mi, ibi tí mo máa gbà bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ̀, ìyẹn ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní girama, nínú agbo ilé wa ní Fìdítì, ìró ọwọ̀ ló máa ń jí mi lóru. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Tí mo bá yọjú lójú fèrèsé, Àǹtí wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mo máa ń rí tó ń gbá àgbàlá ní aago 2 òru. Tó bá gbá a tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kọ́kọ́ gbá. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí àwọn ìyá wa bá ń ru ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó lọ sí ẹ̀bá títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ìgbà yẹn gan-an ni oorun máa gbé Àǹtí lọ. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún lajú.

Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ilẹ̀ gbígbá lóru: wọ́n ní ire ni èèyàn ń gbá dànù. Ojú tí àdúgbò fi wo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àwọn kan ní iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Àwọn kan ní wọ́n ń pè é láti ibi tí a ò mọ̀. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tí a ò rí lóhùn, tó ń sọ pé àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn kan, kí wọ́n tó wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà: schizophrenia.

Yorùbá ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Kò ṣeé ní ní ẹ̀gbọ́n náà o. Àmọ́ ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ọwọ̀ yẹn: kí ló dé tó jẹ́ òru? Kí ló dé tí òru fi di ọ̀sán fún un, tí ọ̀sán sì di òru? Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn, inú ẹ̀jẹ̀ ni ìdáhùn náà sì wà.

Kí ni schizophrenia gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Kì í ṣe pé èèyàn méjì ń gbé inú ara ẹnì kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù. Dókítà kan ní Switzerland, Eugen Bleuler, ló fún un lórúkọ yìí ní 1908. Ó mú un láti inú èdè Gíríìkì, ó túmọ̀ sí ọkàn tó là sí wẹ́wẹ́. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé èrò èèyàn, bó ṣe ń mọ nǹkan lára àti ìwà rẹ̀ ò so kọ́ra mọ́. Ẹni tó ní in lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ó lè gba ohun kan gbọ́ débi pé kò sí ẹ̀rí tó lè yí i lọ́kàn padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ó sì lè má nífẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan mọ́, títí kan wíwẹ̀ àti jíjẹun.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹnì 1 nínú 300 ló ní in láyé. Ẹ fojú inú wo iye èrò tó máa ń wà nínú ọjà Ìlọrà lọ́jọ́ ọjà, kẹ́ ẹ wá fi 300 pín in. Ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìgbà tí èèyàn ń parí ìgbà ọ̀dọ́langba sí ìgbà tó bá lé díẹ̀ lógún ọdún. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí nìyẹn.

Ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀gànjọ́

Kí aago tó dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa ti pín ọjọ́ sí wẹ́wẹ́: ìdájí, àfẹ̀mọ́jú, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́, ọ̀gànjọ́. Ara èèyàn náà pín ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti ń pàdé ara wọn. Suprachiasmatic nucleus ni orúkọ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ń gé e kúrú sí SCN. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tó nǹkan bí 20,000, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò tó hóró ìrẹsì kan. Òun ni ọ̀gá aago nínú ara.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ka wákàtí? Kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan ló tú àṣírí yẹn, irú èyí tó máa ń fò kiri lórí ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó tó ti rà. Ẹni bá ti bá wa ta èso ní Fìdítì rí á mọ̀ wọ́n dáadáa! Ara kòkòrò yẹn ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ti rí bí àwọn jíìnì kan ṣe ń pàṣẹ pé kí èròjà kan máa pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì lóru. Tí èròjà náà bá ti pọ̀ tó, á padà wá pa àṣẹ yẹn lẹ́nu mọ́, òun fúnra rẹ̀ á sì máa dínkù, títí àṣẹ á fi tún bẹ̀rẹ̀. Yíyípo yẹn ń gba nǹkan bí wákàtí 24. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2017.

Ìṣòro kan ni pé aago inú ara èèyàn kì í pé wákàtí 24 géérégé. Ti ọ̀pọ̀ wa fi díẹ̀ jù ú lọ. Tí kò bá sí ohun tó ń tún un ṣe lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni á máa sún síwájú, títí òru á fi di ọ̀sán. Ohun tó ń tún un ṣe ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé, pàápàá ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń sọ fún SCN pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ilẹ̀ ti ṣú.

Ní ti oòrùn, Ọlọ́run ṣe é fún wa. Ní ìhà Afijió, láti Fìdítì dé Ìlọrà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù láàárín ọdún ò pé wákàtí kan. Ní London, ọ̀sán oṣù Júùnù fi ohun tó lé ní wákàtí 8 gùn ju ti Dìsẹ́ńbà lọ. Aago tó ṣeé gbára lé ló wà lókè orí wa.

Àwọn òṣìṣẹ́ òru

Hòmóònù ni ìránṣẹ́ tí ara ń rán nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jáde nígbà kan náà. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ mẹ́rin.

Melatonin ni àkọ́kọ́. Aaron Lerner ló yọ ọ́ jáde ní yunifásítì Yale ní 1958. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀gànjọ́ ló máa ń pọ̀ jù, tó bá sì di òwúrọ̀, á ti lọ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń lé e sá. Òun ló ń kéde fún gbogbo ara pé òru ti dé.

Cortisol ní tiẹ̀, ìdájí ló ń gòkè. Kó tó di pé ẹ jí ló ti ń múra sílẹ̀ fún yín, tẹ́ ẹ bá sì ti lajú, á tún fò sókè láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Tó bá di ọ̀gànjọ́, ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀kẹta ni hòmóònù ìdàgbàsókè. Inú oorun àsùnwọra àkọ́kọ́ ló ti máa ń tú jáde jù. Ìyá àgbà tó ń sọ pé inú oorun lọmọdé ti ń dàgbà ò purọ́.

Ẹ̀kẹrin ni prolactin, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ omi ọmú. Tọkùnrin tobìnrin ló ní in. Téèyàn bá sùn ló ń pọ̀, ó sì máa ń ga jù kí èèyàn tó jí. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn o, òun ló kó bá ilé wa.

Ohun tí ìwádìí rí

Nígbà tí mo ń ka nǹkan wọ̀nyí, èrò mi ni pé bóyá nítorí Àǹtí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni oorun rẹ̀ fi dàrú. Ẹni tí kò níbi tó ń lọ láàárọ̀, kí ló fẹ́ jí fún? Àwọn kan tí ro irú èrò yẹn ṣáájú mi, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 2012, Katharina Wulff, Russell Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde. Èèyàn 20 tó ní schizophrenia ni wọ́n fi wé 21 tí ara wọn dá ṣáṣá. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé àwọn 21 yẹn náà ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n so ẹ̀rọ bí aago mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí tó ń ka bí wọ́n ṣe ń mira, wọ́n sì ń wọn melatonin wọn. Gbogbo àwọn 20 náà pátá ni oorun wọn dàrú. Ní ti ìdajì wọn, aago gan-an ló ti ṣìnà: ti àwọn kan yá jù, ti àwọn kan pẹ́ jù, àwọn míì sì wà tí ọjọ́ inú ara wọn ju wákàtí 24 lọ, tó ń sún kiri bí ọkọ̀ tí wọn ò fà ní búréèkì. Ìdajì yòókù, melatonin wọn ń jáde lásìkò, àmọ́ oorun wọn já sí wẹ́wẹ́ tàbí ó pọ̀ jù. Kì í ṣe ìgbà tí àìsàn wọn le lèyí o. Ara wọn ti balẹ̀, wọ́n sì ń lo oògùn.

Ìyẹn ni pé kò sí ti ọ̀lẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo ka ìwádìí yẹn, mo rántí iye ìgbà tí wọ́n ti yin omi lé Àǹtí lójú ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n ní “Dìde, ọ̀lẹ!” Ojú tì mí, torí èmi náà ti bu omi rí.

Ti cortisol náà, ìwádìí púpọ̀ ti rí i pé fífò tó máa ń fò sókè láàárọ̀ kì í sábà ga tó bó ṣe yẹ lára àwọn tó ní irú àìsàn yìí.

Ṣé àìsàn náà ló ń ba oorun jẹ́ ni, àbí oorun tó bàjẹ́ ló ń dá kún àìsàn? Méjèèjì ni. Ní 2017, Daniel Freeman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 3,755 láti yunifásítì 26 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo wọn ò rí oorun sùn dáadáa. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn ní bí èèyàn ṣe ń tún oorun ṣe, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oorun àwọn wọ̀nyẹn sunwọ̀n sí i, ìfura òdì àti gbígbọ́ ohùn tí kò sí níbẹ̀ sì dínkù lára wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóònù ṣe àìsùn títí àkùkọ fi ń kọ, ẹ ti gbọ́.

Omi ọmú tí kò ní ọmọ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé Àǹtí lọ, tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fún un ní oògùn, oògùn náà sì ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ohùn yẹn lọ sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún ń bá wa ta ọsàn. Gbogbo agbo ilé ń dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, omi ọmú rin aṣọ rẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Àwọn kan ní ó ti lóyún, wọ́n ń bi í pé ta lọkùnrin náà. Àwọn míì ní ọkọ ọ̀run ni, ó ti bímọ fún un lójú àlá, ọmọ yẹn ló ń mu ọmú. Àǹtí ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kó gbogbo oògùn rẹ̀, ó dà á sí ṣáláńgá, kò sì sọ fún ẹnì kan.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, a jí lọ́jọ́ kan, a ò rí i. Ìyá kan tó ń dín àkàrà láàárọ̀ ní Ìlọrà ló dá a mọ̀, ló ránṣẹ́ sí wa. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lójú títì láti Fìdítì ní gbogbo òru, ọkọ̀ tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ti fi ìró bò ó, ó sì ti fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Mo máa ń ronú nípa òru yẹn títí dòní.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀? Ẹ wò ó bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Dopamine jẹ́ èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú schizophrenia, dopamine máa ń pọ̀ jù ní apá ibì kan nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí ohun tí kò ní láárí, bí ohùn oníròyìn orí rédíò, fi lè máa dún létí èèyàn bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí. Oògùn máa ń dí ojú ihò tí dopamine ń gbà wọlé, ariwo á sì lọ sílẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ dopamine ò mọ síbẹ̀. Kókó kan wà tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, pituitary lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni prolactin ti ń jáde. Dopamine ló di ilẹ̀kùn prolactin mú, tí kì í jẹ́ kó tú jáde jù. Ẹ ti rí i báyìí? Oògùn tó lọ dí dopamine lọ́nà nínú ọpọlọ ti dí i lọ́nà níbí náà, ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Prolactin tó yẹ kó máa gòkè lóru, kó máa sọ̀ lọ́sàn-án, á wá ga ní gbogbo ìgbà. Ara á rò pé èèyàn ń tọ́mọ lọ́wọ́: nǹkan oṣù á dúró, omi ọmú á máa jáde. Lára ọkùnrin, ìfẹ́ obìnrin lè kúrò lọ́kàn rẹ̀, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ lè má dìde mọ́, ọmú rẹ̀ sì lè wú. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ń sọ egungun di ahẹrẹpẹ.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣe é dọ́gba. Haloperidol, abẹ́rẹ́ fluphenazine àti risperidone máa ń gbé prolactin sókè dáadáa. Aripiprazole àti quetiapine kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń fi hàn. Wọn kì í sì í fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ náà ní kété téèyàn bá jí, torí oorun fúnra rẹ̀ ti gbé prolactin sókè. Ẹ ò rí i pé aago ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Kò sẹ́ni tó sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún Àǹtí nígbà tí wọ́n fún un lóògùn. Kò sẹ́ni tó bi í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti gbà á lọ́wọ́ òru Ìlọrà yẹn.

Asofẹ́yẹjẹ

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Igi kan wà nínú igbó wa tí àwọn baba wa ń pè ní asofẹ́yẹjẹ. Rauvolfia vomitoria ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè láti ayébáyé. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1960. Èròjà kan tó wà nínú rẹ̀ ni reserpine. Ní 1952 ni ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine jáde láti ara igi tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà. Ọdún 1952 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Paris.

Ohun tí reserpine ń ṣe ni pé ó ń gbọ́n àkójọ dopamine inú sẹ́ẹ̀lì gbẹ. Ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀, ibi kan náà ló já sí: ariwo á lọ sílẹ̀, prolactin á sì gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wa gbòǹgbò o. Ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀ débi tó lè dá èèyàn dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife àgbo kan. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé àwọn baba wa náà ti rí i pé inú ara ni àìsàn yìí wà, oògùn sì ń bá a sọ̀rọ̀.

Abúlé tó ní òwúrọ̀

Ẹnì kan tún wà tí mi ò lè fò dá. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro ní 1954. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fi í sí, pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan. Láàárọ̀, á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, á padà sáàárín àwọn èèyàn, á bá wọn roko, á bá wọn jẹun.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìbàdàn wà lára ibi 9 láyé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá kan lórí schizophrenia ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún 2, ara àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà ti yá ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá òyìnbó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń jí pẹ̀lú àwọn èèyàn, tí oòrùn òwúrọ̀ ń pa lójú lọ́nà oko, tó ń jẹun lásìkò, ohun tó ń tún aago rẹ̀ ṣe pọ̀ gan-an.

Ẹ wá fi ìyẹn wé yàrá dúdú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de èèyàn mọ́lẹ̀. Ní 2019, Human Rights Watch kọ ìròyìn lórí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí pé ìwà ìkà ni, ẹ ti gba ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tí aago rẹ̀ ń wò. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Òfin ti wà, ó ku kó dé àgbàlá wa.

Ohun tó yí padà nílé wa

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bi Àǹtí nígbẹ̀yìn. Ó mú un wọ kọ̀rọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, nígbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?” Àǹtí bú sẹ́kún. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ oyún wò, kò sí. Wọ́n yẹ prolactin wò, ó ga fíofío. Dókítà pààrọ̀ oògùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó pé oṣù mélòó kan, nǹkan oṣù ti padà.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló kọ́ wa ní ti òwúrọ̀. Ó ní kí Àǹtí jáde síta láàárọ̀ kó tó di aago 8, bí oorun ṣì ń kùn ún. Kó máa jẹun lásìkò kan náà. Kí wọ́n pa gílóòbù tó wà níwájú yàrá rẹ̀ lálẹ́, nígbà tí NEPA bá ṣèèṣì mú iná wá. Kí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá di aago 9. Kó lo oògùn rẹ̀ ní wákàtí tí dókítà sọ, torí èyí tó ń kun èèyàn lóorun dára lálẹ́ ju ọ̀sán lọ. Ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó yọwọ́ ná. Èyí ló fa wàhálà jù nílé, ẹ kúkú mọ̀ wá.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń lo irú oògùn yìí, ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípa oorun rẹ̀ àti ara rẹ̀. Ẹ bi ọkùnrin náà o, torí ojú máa ń tì wọ́n. Tó bá ní nǹkan ti yí padà, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ prolactin wò. Òògùn ṣeé dínkù, ó ṣeé pààrọ̀. Kí ó má dà á sí ṣáláńgá.

Oorun Àǹtí ò tíì pé bíi ti gbogbo èèyàn. Àwọn òru kan wà tó ṣì ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohùn náà máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ti mọ̀ wọ́n, òun kì í dá wọn lóhùn mọ́.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo jí ní aago 2 òru, ó ti mọ́ mi lára. Mo tẹ́tí sílẹ̀ fún ìró ọwọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ló ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, àti ìrẹ̀. Mo padà sùn. Nígbà tí mo máa jáde láàárọ̀, oòrùn ti yọ, Àǹtí ti wà nídìí àtẹ lẹ́bàá títì, ó ń bó ọsàn, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ kan ti dúró. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ tó o ń kàwé nípa oorun, ṣé ìsinsìnyí lò ń jí?”